Ìwé Tí Ọkọ Arínpé Kà Kẹ́yìn

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Arínpé àti ọkọ rẹ̀ jọ máa ń lọ sí ilé ìkàwé àdúgbò wọn, níbi tí ẹ̀rọ ti ń kọ ìwé ọ̀tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ yìí, Arínpé nìkan ló lọ. Ìwé tí ọkọ rẹ̀ ń kà kó tó kú ló bèèrè.

“Ẹ má bínú, Màmá,” ni Dúrósinmi, olùtọ́jú ìwé, wí. “Bàbá nìkan ni ẹ̀rọ kọ ọ́ fún. Ọjọ́ tí wọ́n kú ló pa á rẹ́.”

“Mo jókòó tì í nígbà tó ń kà á tó ń rẹ́rìn-ín. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín ni.”

“Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́, Màmá. Tiyín rèé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.”

Arínpé ò gbà á.

“Bá mi pa á rẹ́.”

Dúrósinmi tẹ bọ́tìnnì kan, ó sì pe ẹni tó kàn.