Ohùn Ìyàwó Mi Ò Yí Padà

Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí ìyàwó mi bọ́ sórí ìtàgé, ọwọ́ mi sì wà nínú báńdéèjì.

Ẹlòmíràn ló máa tẹ dùùrù fún un lónìí.

Ogójì ọdún ló ti ń kọrin nínú eré olórin. Gbogbo ayé ní ohùn rẹ̀ ò yí padà.

Irọ́ ni.

Ohùn òkè ti ń sá fún un láti ogún ọdún sẹ́yìn. Èmi tí mo máa ń tẹ dùùrù fún un ni mò ń rọra fa orin wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ohùn rẹ̀ lè ká a, tí mi ò sọ fún un. Ẹnu wo ni ǹ bá fi sọ ọ́?

Mo sáré bá atẹdùùrù tuntun náà lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, fi ìgbésẹ̀ ohùn mẹ́ta fa orin yẹn wálẹ̀. Má jẹ́ kí ìyàwó mi mọ̀ o. Bó bá mọ̀, mo gbé!"

Ọmọbìnrin náà ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Màmá fúnra wọn ti wá bá mi láàárọ̀. Mẹ́ta náà ni wọ́n ní kí n fà á."

Ó bojú wẹ̀yìn.

"Wọ́n ní ogún ọdún lẹ ti rò pé àwọn ò mọ̀, kí n má bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́."