Abọ́ Ìfọwọ́ Bàbá Àgbà

Ìbídùn kì í rí ohun àtijọ́ kó má fi dárà. Nígbà tó rí abọ́ tánganran ńlá kan nílé àwọn àna rẹ̀, ó gbé e wálé, ó rọ erùpẹ̀ kún un, ó gbin òdòdó sí i, ó sì gbé e ka orí tábìlì ìjẹun.

"Abọ́ ìfọwọ́ bàbá àgbà lo sọ doko yìí," ni Láníyì, ọkọ rẹ̀, wí. "Bí wọ́n bá fọwọ́ tán, wọ́n á tì í síwájú ẹni tó máa bá wọn jẹun."

"Wọn ò kúkú jẹun mọ́," ni Ìbídùn fèsì, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òun nìkan ló wà nílé. Ó gbé ẹ̀bà sórí tábìlì, ó wọ ilé ìdáná lọ bu omi mímu. Ó gbọ́ tí àga wọ́ nílẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o!" ló ké láti ilé ìdáná, ó rò pé Láníyì ló dé.

Ìró bí ìgbà téèyàn ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ ló gbọ́.

Nígbà tó jáde, kò rí ẹnì kankan. Wọ́n ti hú òdòdó inú abọ́ náà jù sórí tábìlì. Wọ́n ti bu òkèlè kan nínú ẹ̀bà rẹ̀, erùpẹ̀ sì wà lójú ibi tí wọ́n ti bù ú.

Abọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé iwájú rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ohùn àgbàlagbà kan wí láti orí àga tó ṣófo, "mo ti fọ tèmi. Ó ku tìrẹ."