Ẹni Tó Ń Ṣe Òkú

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mira," ni ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ wí. "Ìdákẹ́ yàrá yìí gan-an ni mo fẹ́ gbà."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá wo ilé iṣẹ́ fíìmù ní ìlú Turku dúró gbagidi.

Kí eṣinṣin má fò, kí ẹnu má húkọ́, kí bàtà má dún kò!

Venla tẹjú mọ́ Urho, àgbà òṣèré tó nà gbalaja sórí tábìlì bí òkú.

Ètè bàbá náà dúdú bí aró. Àyà rẹ̀ ò lọ sókè, kò sì sọ̀ kalẹ̀.

Venla fa tíṣà rẹ̀ láṣọ. Tíṣà fojú bá a wí.

Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn láàárọ̀: ẹni tó bá pariwo ò ní ráàyè kọ́ṣẹ́ níbí láéláé. Bẹ́ẹ̀, kò síbòmíràn tí Venla fẹ́ kọ́ṣẹ́ láyé.

Ó tún wo àyà náà.

"Bàbá yìí ò mí o!"

Olùdarí fíìmù fò dìde. "Òkú ló ń ṣe, ìwọ ọmọ yìí! Ṣé kó máa jó ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo ètè rẹ̀ náà!"

"Helmi tó ń kun òṣèré lójú ló kùn ún. Ọwọ́ Helmi ò láfiwé! Tíṣà, ẹ mú ọmọ yín jáde fún mi."

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí.

Helmi wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, yìnyín kún fìlà rẹ̀, àpótí ọ̀dà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, bọ́ọ̀sì ò tètè dé. Urho dà, kí n wá kùn ún lójú?"