Ìlú Wo Ni Kí Darlene Ti Lọ Jayé?

Darlene tó ń gbé oúnjẹ fún wa ní búkà ẹ̀bá ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án.

"Ẹ̀yin bàbá, ìlú wo ni kí n ti lọ jayé?"

"Las Vegas!" Dwight pariwo.

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún!" ni Emmett wí. "New Orleans ni, ìlú tó ń jó tọ̀sán-tòru!"

Mo lu tábìlì. "Chicago lọ̀gá wọn!"

Ẹni tó bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọgbọ̀n ọdún la ti ń wọ àwọn ìlú yìí.

"Kí lẹ gbádùn níbẹ̀?" ni Darlene béèrè.

Dwight húkọ́. "Wọ́n máa ń tètè já ẹrù wa."

"Àyè wà láti yí tírélà," ni Emmett wí.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́. "Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ awakọ̀ wọn mọ́ tónítóní."

Darlene bú sẹ́rìn-ín.

"Tírélà ta ló ń lọ New Orleans lọ́la? Ẹ gbé mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ wọ ìgboro dandan!"