Ẹni Tó Máa Fa Ìlà

"Tísà, ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò," ni bàbá ọmọ wí. "Tó bá dá lẹ́tà kan kọ, ó dúró. Tí kò bá lè kọ ọ́, ṣọ́ọ̀bù ló ń bá mi lọ. Orí tí ò gbàwé, ọwọ́ rẹ̀ á gba ayùn."

Tísà gbọ́wọ́ kúrò. Ní kíláàsì àwọn ọmọ tí ìwé kíkọ ń ni lára yìí, òun ló máa ń fi àmì kékeré-kékeré to lẹ́tà sílẹ̀, ọmọ á wá fa ìlà so wọ́n pọ̀. Lónìí, ọmọ náà ló to àmì fúnra rẹ̀, tó yọ ahọ́n síta. Nígbà tó parí, tí àmì lẹ́tà náà sì pé, ó na pẹ́ńsù sí bàbá rẹ̀.

"Ó kàn yín, bàbá mi. Ẹ fa ìlà rẹ̀."

"Kí ló kàn mí níbẹ̀?"

Síbẹ̀, ó gba pẹ́ńsù náà. Ó dì í mú bí ẹni di ìṣó mú, ó tẹjú mọ́ àwọn àmì náà. Ó gbé e lé àmì kan, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e lé òmíràn.

Tísà rọra sọ̀rọ̀ sí i létí. "Òkè lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, sà."

Bàbá fi pẹ́ńsù lélẹ̀.

"Gbé àpò rẹ," ló wí fún ọmọ. "Tísà, ẹ̀yin náà ti rí i. Kò mọ̀wé kọ."