Bírò Pupa Dókítà Lábísí

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi dá sí i o.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Dókítà Lábísí, olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́ másításì mi, ti dá ìwé ìbéèrè tí mo fẹ́ fi ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí padà.

Bírò pupa ló máa ń fi kọ ọ́ pé: "Gbé èyí sọnù."

Tó bá tún dá a padà lẹ́ẹ̀kẹrin, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó jáde.

Lónìí, ó ní kí n gbé e lọ dán wò lọ́dọ̀ ìyá agbẹ̀bí kan ní Ayétòrò.

Eruku bò mí lórí ọ̀kadà. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá, mo ṣí ìwé.

"Ìyá, ṣé ẹ máa ń fọwọ́ kí ẹ tó gbẹ̀bí?"

"Gbé èyí sọnù! Ta ló máa sọ fún ọ pé òun kì í fọwọ́? Bu omi fún mi, kí o wo bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́."

"Ọdún mélòó lẹ ti ń gbẹ̀bí?"

"Gbé èyí náà sọnù. Bi mí pé kí ni mo máa ń rí tí mo fi ń ní kí wọ́n sáré gbé aláboyún wá bá ẹ̀yin nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn."

Inú ń bí mi. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì!

Àmọ́ òótọ́ ni ìyá ń sọ. Nínú ogún ìbéèrè, ó ku méje, méjèèje sì dára.

"Ìyá, ta ló kọ́ yín?"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín.

"Kọ́ mi kẹ̀? Èmi ni mo bí Lábísí tó rán ọ wá. Lọ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé yìí. Tó bá tún fi bírò pupa kàn án, kó má wá jẹun nílé mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè."