Ọjọ́ Ìbí Ìyá Jayéọlá

Jayéọlá ń tẹ àṣẹ sójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀sán òní ni wọ́n fẹ́ kó orúkọ gbogbo ará ìlú sínú ẹ̀rọ tuntun, òun ni wọ́n sì ní kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹnikẹ́ni wà tí ẹ̀rọ náà máa kọ̀.

Ẹnì kan péré ni ẹ̀rọ náà kọ̀: ìyá rẹ̀. Wọn ò kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ rí, ẹ̀rọ tuntun ò sì gba àlàfo.

Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. "Màámi, ọdún wo ni wọ́n bí yín?"

"Ọmọ mi, má sọ fún wọn o! Mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún."

Ara bù ú máṣọ. Ẹ̀rọ kékeré kan ló ń mú ọkàn ṣiṣẹ́ láyà gbogbo èèyàn; ẹni tó bá ti pé ọgọ́rin ọdún, ìjọba á pa tiẹ̀. Àlàfo yẹn ló ti ń bo ìyá rẹ̀ láṣìírí. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ṣírò dáadáa: Jayéọlá sọ arúgbó di ẹni ogójì ọdún, kí ẹ̀mí rẹ̀ lè gùn.

Ó tún àyẹ̀wò ṣe. Ẹnì kan ṣì wà tí ẹ̀rọ kọ̀: "Jayéọlá, ẹni àádọ́ta ọdún. Wọ́n bí i ṣáájú ìyá rẹ̀."

"Ṣé ó ti parí?" Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ló ké láti yàrá kejì.

"Ó ku ẹnì kan, mà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù!"

"Ẹnì kan péré? Mo ti tẹ àṣẹ, gbogbo wọn ti wọlé."

Jayéọlá fẹ́ yí ọjọ́ orí ìyá rẹ̀ padà. Ẹ̀rọ dá a lóhùn: "Wọn ò lè bí ọmọ ṣáájú ìyá rẹ̀. Ẹni tí wọn ò tíì bí ò láṣẹ níbí."

Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ń tẹ́tí sí ẹ̀rọ tirẹ̀ bóyá wọn ò tíì pa á.